Mi Ò Jẹ Nǹkan Kan

Iṣẹ́ mi ni láti máa bi àwọn ènìyàn ní ohun tí wọ́n jẹ, láti àná, irú àsìkò yìí, títí di ìsinsìnyí. A kì í béèrè ti ìjẹta. Àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ sọ fún wa pé bí oúnjẹ bá ti lo ọjọ́ kan nínú ikùn, ó ti di ìtàn, ẹni tó jẹ ẹ́ yóò sì máa fi ohun tó wù ú pé kí òun ti jẹ rọ́pò ohun tó jẹ gan-an. Mo mọ èyí dájú. Síbẹ̀ èmi náà ni mo jókòó yìí tí mo fẹ́ ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Kí ẹni tó bá ń kà á máa rántí pé ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àti pé níbi púpọ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá ohun tó wà nínú orí mi mu.

Bí àpẹẹrẹ, mo máa ń sọ fún àwọn ará ilé ní Ìsẹ́yìn pé ooru Minna ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Ìwé mi kò dárúkọ ooru rárá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé mo kí obìnrin kan ní Yorùbá ní àdúgbò Kpakungu, ó sì dá mi lóhùn ní Yorùbá tó já gaara. Inú mi dùn. Mo ń bá ọ̀rọ̀ lọ bí ẹni tó ti délé, àfi bí ó ṣe yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀ tó sì fi Hausa bá wọn wí, tí àwọn ọmọ fi Hausa fèsì, tí gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo bi í ní ohun tí wọ́n sọ.

“Má dá wọn lóhùn, àbúrò,” ó ní. “Wọ́n ní Yorùbá tìrẹ ń kọrin ni.”

Obìnrin náà ni Hajiya Rábì, tó di onílé mi. Bàbá rẹ̀ àgbà ló wá láti Ìlọrin, tó wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Hajiya ń pe Ìlọrin ní ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì sùn níbẹ̀ ju ìgbà mẹ́ta lọ láyé rẹ̀. Yàrá tó fún mi mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ara ògiri aládùúgbò ni fèrèsé rẹ̀ ṣí sí. Bí mo bá na ọwọ́ láti gba atẹ́gùn, búlọ́ọ̀kù ni ọwọ́ mi ń kàn. Mo ti ń wo búlọ́ọ̀kù yìí fún ọdún mẹ́rin. Mo mọ ibi tí ó ti sán.

Àwọn ènìyàn rò pé òkun ni ènìyàn gbọ́dọ̀ kọjá kó tó wà ní ìdálẹ̀. Èmi kò kọjá ju odò Ọya lọ. Ṣùgbọ́n ìdálẹ̀ ni ibi tí o ti gbọ́dọ̀ ronú kí o tó kí ènìyàn. Ibi tí ẹ̀rín ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ lẹ́yìn tí ó ti tán lọ́dọ̀ àwọn yòókù, nítorí pé ẹnìkan ní láti túmọ̀ àwàdà fún ọ.

Ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀ ni mo ń lò ní ilé ìwòsàn, nínú yàrá kékeré tí a ti ń gba àwọn aláìsàn nímọ̀ràn lórí oúnjẹ. Ọjọ́ yòókù jẹ́ ti ìwádìí ní yunifásítì ní Bosso, níbi tí mo ti ń kàwé fún oyè kejì. Owó ìwádìí náà ló ń bọ́ mi, ìwé-ẹ̀rí mi sì so mọ́ ọn bí ewúrẹ́ ṣe ń so mọ́ èèkàn: kí ìwádìí tó parí, èmi kò lè lọ. Ní ilé ìwòsàn, oògùn ni àwọn ènìyàn retí, èmi sì ni ẹni tó gbé ìwé tí a ya àwo oúnjẹ sí jáde. Wọn ò mọ ohun tí wọn ì bá máa pè mí, nítorí náà wọ́n ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì. Ọkùnrin kan tó ní àtọ̀gbẹ wo gbogbo ewébẹ̀ tí mo ní kó máa jẹ, ó sọ gbólóhùn kan ní Hausa, gbogbo àwọn tó jókòó sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Talatu, ọmọ Gwari tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ìwádìí, ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi: bàbá ní bí òun bá jẹ gbogbo èyí tán, kí ni màlúù yóò wá jẹ?

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, bàbá yẹn padà wá, ó tún da ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo fi Hausa dá a lóhùn fúnra mi pé ewébẹ̀ nìkan ni mo ní kó jẹ, kó fi koríko sílẹ̀ fún màlúù. Ó pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín ní èdè tí kì í ṣe tèmi, mo sì ra ẹran sísun jẹ ní ìrọ̀lẹ́ láti fi yọ̀ fún ara mi. Ó wà nínú ìwé, mo sì rántí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ni irú ọjọ́ tí ìwé àti ìrántí mi fi ẹnu kò báyìí.

Ìwádìí wa kò le láti ṣàlàyé. A ń lọ láti ilé dé ilé ní Kpakungu àti Soje, a ń bi àwọn obìnrin ní ohun tó wọ ẹnu wọn láti àná, a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, ṣíbí mélòó, kọ́ọ̀bù mélòó. Èdè Òyìnbó ni a fi ṣe ìwé ìbéèrè náà. Talatu tú u sí Hausa fún àwọn ilé tirẹ̀. Èmi tú u sí Yorùbá fún àwọn ilé Yorùbá, pàápàá àwọn ìdílé Ìlọrin. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ní èdè Òyìnbó gùn, ó sì wúwo. Mo tú u báyìí pé: “Kí lẹ jẹ láti àná?” Ó kúrú, ó dùn ún gbọ́. Olùdarí iṣẹ́ mi, Dókítà Ndagi, kò gbọ́ Yorùbá. Ó fọkàn tán mi.

Nígbà tí a kó èsì jọ, ohun kan yọ jáde tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò retí. Àwọn obìnrin Yorùbá kì í jẹun láàárọ̀. Àwọn Hausa àti Gwari tó wà ní òpópónà kan náà ń jẹ, tiwa kì í jẹ. Ojú Dókítà Ndagi tàn. Ó ní èyí ni ọkàn iṣẹ́ mi, kí n kọ orí kan lé e lórí, kí n sì máa gba àwọn aláìsàn Yorùbá nímọ̀ràn lórí oúnjẹ àárọ̀ láti ìsinsìnyí. Mo kọ orí náà. Ó dára. Lẹ́tà kan sì dé láti ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, pé bí ìwé-ẹ̀rí mi bá ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí ọdún tó yí, iṣẹ́ onímọ̀ oúnjẹ wà nílẹ̀ fún mi níbẹ̀. Láti Ìbàdàn sí ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ìsẹ́yìn, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù.

Àkókò yìí náà ni ọ̀rọ̀ Ìyá Mínáàtù bọ́ sí i. Ìyàwó Alfa kan ní Soje ni, àgbà obìnrin tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí fìlà fún títà. Mo ti kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ nílé, mo sì tún ń rí i ní ilé ìwòsàn nítorí àtọ̀gbẹ. Ó ní òun kì í jẹ nǹkan kan láàárọ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ìyẹn léwu fún aláìsàn bíi tirẹ̀, pé kó máa jẹ ẹ̀wà díẹ̀ tàbí mọ́ínmọ́ín kí oòrùn tó ga. Ó gbà. Nígbà tó padà wá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ nǹkan kan kó tó wá fún àyẹ̀wò. Mo bi í. Ó ní wallahi òun kò jẹ nǹkan kan. Mo tún bi í. Ó tún búra. Yàrá ìdúró kún, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀, ó ti rẹ̀ mí, Ìbàdàn ni ọkàn mi wà.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́,” mo ní, “ẹ má parọ́ fún mi mọ́.”

Ó dìde. Ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ń mú nǹkan kúrò nílẹ̀ kí ọmọdé má baà tẹ̀ ẹ́, ó sì jáde. Kò wá ní ọjọ́ tí a tún dá fún un. Kò wá ní èyí tó tẹ̀ lé e.

Ìyá mi máa ń pè mí ní ọjọ́ Sunday. Mo ń bi í ní ìbéèrè iṣẹ́ mi láì mọ̀, nítorí pé ó ti ń rù, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe sọ, èmi kò sì lè fojú ara mi rí i. Ní Sunday kan tí òjò rọ̀ níhà ọ̀dọ̀ wọn, mo bi í ní ohun tó jẹ.

“Mi ò jẹ nǹkan kan.”

“Láti àárọ̀, Màámi?”

“Láti àárọ̀. Òjò ò jẹ́ kí n dáná.”

Ó ti kọjá aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí bí ẹni ń bá aláìsàn wí, pé àgbàlagbà kì í fi ebi ṣeré, pé ṣé kò sí ẹnikẹ́ni tó lè lọ ra nǹkan fún un ni, títí ọ̀rọ̀ mi fi sú u.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ fún ọ pé ebi ń pa mí? Mo ti mu gàrí. Mo bu ẹ̀pà sí i, mo bu ṣúgà sí i, mo yó bámúbámú. Oúnjẹ ni mo ní mi ò jẹ.”

Ó bi mí bóyá mo ṣì wà lórí fóònù.

Mo wà níbẹ̀. Ìwé ìbéèrè mi ni mò ń wò lójú inú. Gàrí tó wà nínú omi tútù, a kì í jẹ ẹ́, mímu là ń mu ún. Bí a bá fi omi gbígbóná rò ó, ó di ẹ̀bà, a wá ń jẹ ẹ́. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ èyí? Èmi tí mo gba oyè àkọ́kọ́ lórí oúnjẹ, mo béèrè ohun tí wọ́n jẹ lọ́wọ́ obìnrin tó tó ọgọ́rùn-ún, n kò sì béèrè ohun tí wọ́n mu.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo bá Hajiya Rábì ní àgbàlá, lórí àpótí rẹ̀. Mo kí i, mo sì bi í ní ohun tó ti jẹ láàárọ̀ náà.

“Haba, àárọ̀ kùtù yìí? Mi ò tíì jẹ nǹkan kan.”

Kọ́ọ̀bù kókó, ẹ̀kọ mímu ti àwọn Hausa, wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ki, ó ń rú èéfín, mílíìkì sì léfòó lórí rẹ̀. Mo nàka sí i, mo ní èyí ńkọ́. Ó wo kọ́ọ̀bù, ó wá wo èmi, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ibà ń ṣe mí.

“Èyí? Èyí tí mò ń mu?”

Mo padà sí yàrá, mo sì tú àwọn ìwé ìdáhùn jáde. Ohun gbogbo ti wà níbẹ̀ láti ìgbà yìí wá. Àwọn obìnrin kan wà tó jẹ́ pé kọ́sé nìkan ni wọ́n dárúkọ láàárọ̀, àkàrà gbígbẹ lásán, láìsí ohun tí wọ́n fi sìn ín. Ta ní ń jẹ àkàrà báyẹn lójoojúmọ́? Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sì yà mí lẹ́nu rí. Mo pe Talatu, mo bi í ní bí ó ṣe tú ìbéèrè tirẹ̀. Ó ní òun fi “ci” sí i, òun sì fi “sha” tẹ̀ lé e, ohun jíjẹ àti ohun mímu, nítorí pé ìyá òun gan-an lè mu fúrá láti òwúrọ̀ di alẹ́ kó sì ní ebi ń pa òun. Ó bi mí bóyá èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí n kò ṣe bẹ́ẹ̀? Ibi yìí ni mo ti ń bẹ̀rù orí ara mi. Mo rántí kedere pé mo kọ́kọ́ tú u ní kíkún, “ohun tí ẹ jẹ àti ohun tí ẹ mu,” pé nígbà tí a dán an wò, obìnrin kan bi mí bóyá omi náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, tí a rẹ́rìn-ín, tí mo wá gé “mu” kúrò kí ìbéèrè má baà da ènìyàn láàmú. Ìrántí yìí tẹ́ mi lọ́rùn. Obìnrin náà tilẹ̀ ní ojú àti imú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé mi ti ọjọ́ náà kò mọ obìnrin kankan. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: “Mo gé ìbéèrè kìn-ín-ní kúrú. Ó ti wá dùn bí òwe.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bóyá obìnrin náà wà. Bóyá èmi ni mo dá a lẹ́yìn ìgbà náà, kí ẹnìkan lè bá mi ru ẹ̀bi.

Ohun kan wà tí n kò lè dá ẹlòmíràn lẹ́bi rẹ̀. Talatu béèrè dáadáa nítorí pé ó mọ̀ pé ènìyàn lè ṣi ìbéèrè gbọ́. Èmi kò ṣọ́ra nítorí pé Yorùbá ni wọ́n, Yorùbá ni mí, òùngbẹ àwọn ènìyàn mi sì ti ń gbẹ mí débi pé nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn, mo rò pé mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Láàárín àwọn Hausa, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń béèrè ohun tí wọ́n bá sọ. Nílé àwọn tó ń sọ èdè ìyá mi ni mo ti di adití.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dákẹ́. Lẹ́tà Ìbàdàn wà lórí tábìlì. Mo ń jí, mo ń wo búlọ́ọ̀kù, mo ń lọ sí Bosso nínú kẹ̀kẹ́, mo ń tún àmì ṣe nínú orí ìwé tí mo mọ̀ pé kò jóòótọ́. Nígbà tí mo wá sọ fún Dókítà Ndagi, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Kò bínú. Ó ní kò sí iṣẹ́ tí kò ní àléébù, pé ìdí tí a fi ń ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún àléébù nìyẹn. Kí n kọ ìlà kan síbẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí a má ti ka ohun mímu kan kún oúnjẹ. Kí n parí. Kí n lọ sílé. Mo bi í pé bí a bá fẹ́ tún un ṣe ńkọ́. Ó ní a ó ní láti padà sí gbogbo ilé yẹn, a ó sì ní láti dúró de irú àsìkò kan náà nínú ọdún.

“Ọdún kan gbáko ni,” ó ní. “Ìwọ ni o ó pinnu. Mi ò ní fi ipá mú ọ.”

Bí ó bá ti fi ipá mú mi ni, ì bá sàn fún mi. Ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún mi gbagada, ohun tó sì wà lẹ́nu ọ̀nà ni ìlà kan ṣoṣo. Mo kọ ìlà náà ní oríṣi mẹ́fà. Gbogbo wọn jóòótọ́. Kò sí èyí tí ẹni tó bá kà á yóò fi mọ̀ pé obìnrin kan ní Soje ń jẹ ẹ̀wà lórí kùnú, ohun mímu jéró tó kún fún ṣúgà tí mo ti rí nílé rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ gbogbo, nítorí pé èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, àti pé kò tún fẹ́ fojú kan ilé ìwòsàn mọ́. Ní ọjọ́ kẹrin mo kọ̀wé sí Ìbàdàn pé n kò ní lè dé ní àkókò tí wọ́n dá. Èsì wọn kò gùn. Wọ́n kí mi, wọ́n sì ní àwọn ti rí ẹlòmíràn.

Mo sọ fún ìyá mi. Ó fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bi mí bóyá wọn ò lè rán ẹlòmíràn lọ bi àwọn obìnrin náà. Mo ní èmi ni mo bi wọ́n lódì. Ó ní ó dáa. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ lọ wo àwọn ewúrẹ́, fóònù sì kú. Ìyá mi ti ta ewúrẹ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn láti ìdúnta. Èyí dá mi lójú, n kò nílò ìwé kankan.

Soje ni mo kọ́kọ́ lọ. Ìyá Mínáàtù wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn fìlà tó ti parí sì wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó dáhùn, kò gbé ojú sókè. Lórí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ jíjẹ, ọ̀rọ̀ mímu, àti ìbéèrè tí mo gé kúrú.

“Nítorí náà, kùnú ni,” ó ní.

“Kùnú ni, mà.”

“Àti èyí tí mo mu lọ́jọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ohun tí mo ní kí ẹ má jẹ lẹ ò jẹ.”

Ó fa òwú gbọọrọ, ó fi eyín já a. “Níwájú gbogbo ènìyàn lo ti pè mí ní òpùrọ́, Nọ́ọ̀sì. Èmi ìyàwó Alfa.”

Mo ní kí ó dárí jì mí. Kò sọ pé òun dárí jì mí, kò sì sọ pé òun kò dárí jì mí. Ó bi mí bóyá ìwé ọjọ́ náà wà lọ́wọ́ mi, èyí tí mo kọ ìdáhùn òun sí. Mo mú un jáde nínú báàgì.

“Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò parọ́.”

Kò sí àyè fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìwádìí. Oúnjẹ, ìwọ̀n, aago, ibi tí a ti sè é: ìyẹn ni gbogbo ohun tí a ya ìlà fún. Mo yí ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́, mo sì kọ ọ́ sí etí rẹ̀. Ó ní kí n kà á sí òun létí. Mo kà á pé, “Ìyá yìí kò parọ́.”

“Ta ló wá ṣàṣìṣe?”

Mo kọ ìyẹn náà, pé èmi ni. Mo kà á.

Ó kó àwọn fìlà kúrò lórí àpótí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí ẹní, ó sì fi ọwọ́ gbá àpótí náà mọ́.

“Jókòó,” ó ní. “Bi mí dáadáa.”